Gbèsè olóògbé kì í ṣe gbèsè gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé rẹ̀

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó di oṣù méjì báyìí tí ọkọ mi jáde láyé. Àgbàdo ló ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Kétu, tó ń kó lọ tà lápá Ìlárà. Ọmọ mẹ́rin ló fi sílẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ti pé ọdún 18 nínú wọn. Bí a ṣe ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ tán ni ọkùnrin kan rán ọ̀dọ́ méjì sí wa. Wọ́n ní olóògbé jẹ ọ̀gá àwọn ní 650.000 fráǹkì. Kò sí ìwé, wọ́n ní ọwọ́ sí ọwọ́ ló fún un. Wọ́n ti kọ orúkọ ẹrù wa sínú ìwé kan: alùpùpù, firíjì, ẹ̀rọ ìránṣọ mi, àti ogún àpò àgbàdo tó wà nínú yàrá ìkẹ́rù. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá kó wọn lọ́jọ́ Àìkú. Alùpùpù yẹn, a kò tíì san owó rẹ̀ tán. Ilé-iṣẹ́ microfinance náà ní 230.000 ṣẹ́kù nínú owó tí ọkọ mi yá lọ́dọ̀ wọn. Àbúrò ọkọ mi ní kí n jẹ́ kí wọ́n máa gbé firíjì àti ẹ̀rọ lọ, kí òun sì fọwọ́ sí ìwé pé ẹbí yóò san ìyókù, kí orúkọ ẹ̀gbọ́n òun má bàa bàjẹ́. Ṣé dandan ni kí n san án? Ṣé àwọn ọmọ mi ni yóò san án?”

Ẹ kú ọ̀fọ̀, ìyá. Ọlọ́run yóò dúró ti ẹ̀yin àti àwọn ọmọ. Ọjọ́ Àìkú ti súnmọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó kánjú. Lábẹ́ òfin Benin, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wá kó ẹrù nínú ilé yín lọ́jọ́ yẹn, ìbáà jẹ́ òótọ́ ni gbèsè náà, ìbáà jẹ́ irọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹrù kankan jáde, kí àbúrò ọkọ yín má sì fọwọ́ sí ìwé kankan. Ẹ̀yin fúnra yín kò jẹ ọkùnrin yẹn ní fráǹkì kan, àfi tí ẹ bá bá ọkọ yín fọwọ́ sí ìwé owó náà, tàbí tí ẹ ṣe onídùúró fún un. Ti àwọn ọmọ yàtọ̀ díẹ̀, ọwọ́ wọn sì ni ìpinnu wà, kì í ṣe ọwọ́ olówó.

Orí ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ ni gbèsè rẹ̀ wà. Owó rẹ̀, ọjà rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀, owó tí àwọn ènìyàn jẹ ẹ́ àti owó tí òun náà jẹ, inú ẹrù kan ṣoṣo ni gbogbo wọn dì sí, ẹrù náà la sì ń pè ní ogún. Ẹni tó bá gba ogún náà gba tinú rẹ̀ pátá, èrè àti gbèsè. Ẹni tí kò gbà á, kò sẹ́ni tó lè fi gbèsè lé e lórí. Gbígbé inú ilé kan náà pẹ̀lú olóògbé, bíbí ọmọ fún un, tàbí jíjẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di ajigbèsè. Gbèsè kan wà tó yàtọ̀, kí n má fi pa mọ́: ohun tí tọkọtaya tó ṣe ìgbéyàwó ní mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, bá jẹ nítorí oúnjẹ ilé, owó ilé tàbí owó ilé-ìwé ọmọ, àwọn méjèèjì ni wọ́n lè bi. Gbèsè òwò àgbàdo kò sí lára ìyẹn.

Kí ló wá dé tí àbúrò ọkọ yín, tó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dénú, fi rò pé ẹbí gbọ́dọ̀ san án? Àṣà ló ti wá. Láyé àwọn baba ńlá wa, ẹni tó bá sin òkú ajigbèsè ni olówó yóò dojú kọ; sísin òkú náà ni wọ́n kà sí pé ó ti gba gbèsè rẹ̀ sọ́rùn. Olówó tó bá ti sin owó rẹ̀ títí tó sú u a máa bẹ ẹlẹ́mùú, ẹni tí yóò wọ agbo ilé ajigbèsè tí yóò sì mú ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà, adìyẹ, ewúrẹ́, ìbáà ṣe ti ẹlòmíràn nínú agbo ilé, kí ìtìjú lè mú kí ẹbí dá owó jọ. Òmíràn a dógò ti onígbèsè: yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa pariwo, yóò máa jẹ oúnjẹ ilé, títí tí wọ́n á fi san án. Àwọn ọ̀dọ́ méjì tó wá kọ orúkọ firíjì yín sínú ìwé, iṣẹ́ ẹlẹ́mùú ni wọ́n ń ṣe. Òfin orílẹ̀-èdè wa kò gba ìyẹn mọ́. Òfin ẹbí ti Benin, òfin 2002-07 tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, sọ ọ́ gbangba pé àṣà kò ní agbára òfin mọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí òun bá ti sọ̀rọ̀ lé lórí, ogún sì wà nínú rẹ̀.

Ohun kejì tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni ìkéde ojú oórì. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹnì kan nínú ẹbí a máa dìde pé, “Ẹni tí olóògbé bá jẹ ní owó, kó wá bá wa.” Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ẹ̀sìn náà sì ní kí a máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìpè ni, pé kí olówó wá sọ tirẹ̀ kí ó sì mú ẹ̀rí dání. Kì í ṣe pé ẹbí ti gbà pé iye yòówù tí ẹnikẹ́ni bá dá ni yóò san. Bí ọkùnrin yìí bá ní “ẹ̀yin lẹ ní ká wá”, ẹ dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, a ní kí ẹ wá, ẹ jókòó, ẹ fi ẹ̀rí hàn wá.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú yàrá wàyí, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni ti olóògbé. Tọkọtaya tí kò bá ṣe àdéhùn mìíràn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òfin Benin kà wọ́n sí ẹni tí oníkálukú ní ohun ìní tirẹ̀. Tí ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn bá jẹ́ tiyín, bóyá ìyá yín ló rà á fún yín nígbà tí ẹ gba òmìnira iṣẹ́, kò sí nínú ogún rárá, kò sì sí gbèsè ọkọ tó lè gbé e. Ẹ̀rí nìkan lẹ nílò. Ẹ wo ara ẹ̀rọ náà, lábẹ́ rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin. Ẹ yà á sí fóònù. Tí fọ́tò ọjọ́ òmìnira bá wà tí ẹ̀rọ náà hàn nínú rẹ̀, ẹ fi pa mọ́ bí owó. Ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́ lè jẹ́rìí, ẹni tó tà á náà lè jẹ́rìí. Firíjì ni kí ẹ ronú sí dáadáa: ta ló rà á, owó ta ni, ibo ni reçu wà? Tí ẹ bá jọ dá owó rẹ̀ ni, ìpín olóògbé nìkan ló wọ inú ogún. Opó tó bá ní “gbogbo rẹ̀ ni tèmi” láìní ẹ̀rí, adájọ́ kì í fetí sí i mọ́, kódà lórí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni òfin gbà láyè láti wọlé wá gba ẹrù nítorí gbèsè. Huissier ni, òṣìṣẹ́ tí ìjọba yàn láti mú àṣẹ ilé-ẹjọ́ ṣẹ. Òun pàápàá kì í dédé wá. Òfin OHADA, tí orílẹ̀-èdè 17 jọ ń lò, ló to ìgbésẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é lọ́jọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1998, wọ́n sì tún un ṣe lọ́jọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2023. Olówó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní titre exécutoire, ìyẹn ìwé tó lágbára láti fi gba ẹrù, irú bí ìdájọ́ tàbí ìwé tí notaire, agbẹjọ́rò tí ìjọba yàn láti máa ṣe ìwé àdéhùn, ṣe. Àwọn ajogún ni yóò pè lẹ́jọ́. Ìdájọ́ tí ènìyàn lọ gbà lórí orúkọ ẹni tó ti kú kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, huissier yóò mú commandement wá, ìwé tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n san owó, tó sì fún wọn ní ọjọ́ 8. Ìgbà tí ọjọ́ 8 náà bá kọjá ló tó lè padà wá kọ ẹrù sílẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ Àìkú, kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi ìjọba, kì í sì í ṣe kí aago 8 òwúrọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn aago 6 ìrọ̀lẹ́ nínú ilé tí ènìyàn ń gbé. Tí onílé kò bá sí nílé tàbí tó ní òun kò ṣí ilẹ̀kùn, huissier gbọ́dọ̀ pe aláṣẹ ìlú tàbí ọlọ́pàá wá dúró tì í kó tó wọlé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí huissier bá kọ ẹrù sílẹ̀, kì í kó o lọ. Ọwọ́ ẹni tó ni ín ló ń fi í sílẹ̀, pé kó má tà á kó sì kó owó rẹ̀ sápò, kó má gbé e kúrò. Oṣù kan ni òfin fún onígbèsè láti wá oníbàárà fúnra rẹ̀, kí ó tà á ní iye tó dára, kí owó náà sì lọ sọ́dọ̀ olówó. Tí oṣù náà bá kọjá ni wọ́n tó lè tà á ní gbàǹjo. Ẹni tí wọ́n bá kọ ẹrù rẹ̀ mọ́ ti onígbèsè lè lọ sílé-ẹjọ́ pé kí wọ́n yọ tòun kúrò, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ya nọ́ńbà ẹ̀rọ yẹn. Ẹni tó bá wá láìní ìwé, tó fẹ́ gbé ẹrù lọ lójú ẹsẹ̀, olè ló ń jà lójú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lóòótọ́ ni wọ́n jẹ ẹ́ lówó.

Ọ̀nà kan wà tó yá ju ìyẹn lọ. Tí olówó bá fi han adájọ́ pé gbèsè náà dà bí òótọ́, pé ẹrù sì fẹ́ pòórá, adájọ́ lè gbà kí huissier wá ti ẹrù mọ́lẹ̀ kí ìdájọ́ tó jáde. Kò ní gbé e lọ, ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè tà á. Nítorí èyí ni n kò fi ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ kó ẹrù sá lọ sílé ìyá yín lóru. Ẹ ó fi ìdí tó ń wá lé olówó lọ́wọ́, ajogún tó bá sì fi ẹrù ogún pamọ́ lè pàdánù ààbò tí òfin fún un.

Ní ti 650.000 yẹn, ẹ má kàn kígbe pé “kò sí ìwé, kò sí gbèsè”. Oníṣòwò ni ọkọ yín. Lábẹ́ òfin OHADA, gbogbo irú ẹ̀rí ni ènìyàn lè mú wá lórí oníṣòwò: ẹlẹ́rìí, ohùn WhatsApp, ìwé kékeré tí MoMo fi ránṣẹ́ nígbà tí owó wọlé. Nítorí náà ẹ bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè gidi. Ọjọ́ wo ló fún un? Níbo? Ta ló wà níbẹ̀? Owó ni tàbí àgbàdo? Èló ni owó fúnra rẹ̀, èló ni èlé? Ṣé olóògbé ti san nínú rẹ̀ rí? Ẹni tó yáni lówó lóòótọ́ kì í ta kókó síbi ìbéèrè wọ̀nyí. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ìwé òwò olóògbé. Ìwé tí àwọn oníṣòwò àgbàdo ń lò kì í ju káyé ọmọ ilé-ìwé lọ: orúkọ àgbẹ̀ lápá kan, iye àpò láàárín, owó tó ti san lápá kejì, ìlà tí wọ́n fà gba orí rẹ̀ tí wọ́n bá ti san tán. Ẹ wá orúkọ ọkùnrin yẹn níbẹ̀, ẹ wo bóyá wọ́n ti fa ìlà sí i. Ẹ má ya ojú ìwé kankan. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gba fóònù olóògbé kó pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, kí SIM má sì kú. Tí owó bá wà lórí MoMo rẹ̀, ẹ má fi kóòdù rẹ̀ yọ ọ́, kódà bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ogún ni owó náà, ìwé àwọn ajogún ni wọ́n fi ń gbà á.

Ẹ wo ọjọ́ náà dáadáa, torí gbèsè a máa gbó. Gbèsè òwò láàárín oníṣòwò, tàbí láàárín oníṣòwò àti ẹlòmíràn, ọdún 5 ni olówó ní láti gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Tó bá jẹ́ owó ọjà tí oníṣòwò tà fún oníṣòwò, ọdún 2 ni. Ṣùgbọ́n tí onígbèsè bá ti fẹnu ara rẹ̀ tàbí ìwé gbà pé òun jẹ ẹ́, àkókò náà tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí àbúrò ọkọ yín ṣe lè jí gbèsè tó ti kú nìyẹn, pẹ̀lú ìfọwọ́sí kan. Ẹ wo èlé náà pẹ̀lú. Báńkì kò gbọdọ̀ gbà ju 15% lọ́dún lọ. Microfinance àti ẹnikẹ́ni mìíràn tó ń yáni lówó kò gbọdọ̀ kọjá 24% lọ́dún. Ká ní 500.000 ni ọkùnrin náà yáni, tó wá fi 10% lóṣù gun orí rẹ̀ fún oṣù 3, 650.000 ló máa di. 10% lóṣù jẹ́ 120% lọ́dún. Irú èlé bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé dé iwájú adájọ́.

Ti microfinance rọrùn jù. Kí ẹ tó san oṣù kan sí i, ẹ gbé ìwé ikú lọ síbẹ̀, kí ẹ sì béèrè nǹkan mẹ́ta: ìwé àdéhùn owó náà, ìwé tó fi gbogbo ohun tó ti san hàn, àti bóyá wọ́n yọ owó assurance décès lọ́jọ́ tí wọ́n yá a lówó. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń yọ ọ́, owó díẹ̀ tí ẹni tó ń yáwó kì í fiyè sí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti san ìyókù tí onígbèsè bá kú. Àkókò máa ń wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa ikú náà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ẹ béèrè owó ìpamọ́ rẹ̀ tí wọ́n dì mú pẹ̀lú. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò lára 230.000 yẹn. Àmọ́ ẹ wo ìwé àdéhùn náà dé ìsàlẹ̀ láti mọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Tí orúkọ yín bá wà níbẹ̀ bí onídùúró, gbèsè náà di tiyín, ti ogún sì jẹ́ ọ̀tọ̀. Síbẹ̀ onídùúró náà ní ààbò: ọwọ́ ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi kọ iye owó tó dúró fún, ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, tí kò bá sì mọ̀wé, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Alùpùpù ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ju firíjì lọ. Ẹ wá ìwé tí ẹni tó tà á fún ọkọ yín ṣe. Tí wọ́n bá kọ ọ́ níbẹ̀, kí wọ́n tó gbé alùpùpù fún un, pé ti ẹni tó tà á ni títí owó yóò fi pé, ẹni náà lè gbà á padà. Tí wọn kò kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ti olóògbé ni alùpùpù, ìyókù owó sì jẹ́ gbèsè bíi ti ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ lè bá ẹni tó tà á sọ ọ́ kí wọ́n san ìyókù, tí oṣù tó kù kò bá pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá di ìwé ilẹ̀ olóògbé mú pé ó fi dógò fún òun, ẹ má fòyà: ìwé convention, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ra ilẹ̀, lọ́wọ́ ènìyàn kò sọ ọ́ di onílẹ̀. Hypothèque gidi, ìyẹn fífi ilẹ̀ dúró fún gbèsè, ìwé notaire ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ ìjọba.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwọn ọmọ. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú ajogún. Ó lè gba ogún láìṣe ìṣirò, ó lè gbà á pẹ̀lú ìwé àkójọ ẹrù, tí wọ́n ń pè ní bénéfice d’inventaire, ó sì lè kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká fi iye ojú lásán wò ó. Ká ní ogún àpò àgbàdo tó 400.000, owó ìpamọ́ tó 60.000, kò sí ilẹ̀. 460.000 ni ogún. Gbèsè tí wọ́n ń sọ jẹ́ 650.000 àti 230.000, àpapọ̀ 880.000. Ọmọ tó gbà á láìṣe ìṣirò yóò san 420.000 tó kù láti inú òógùn ara rẹ̀. Ẹni tó gbà á pẹ̀lú ìwé àkójọ, ibi tí 460.000 bá parí sí ni gbèsè parí sí fún un. Ẹni tó kọ̀ ọ́ kò san nǹkan kan, kò sì gba nǹkan kan, ìbáà jẹ́ pé ilẹ̀ kan tún yọjú lẹ́yìn ọdún méjì. Kí owó tó kan olówó lásán, owó ìsìnkú àti owó ilé-ìwòsàn àìsàn ìkẹyìn ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ kó reçu ilé-ìwòsàn àti ti mọ́ṣúárì jọ. Àsè àti aṣọ ẹbí kò sí lára rẹ̀.

Àrékérekè ibẹ̀ ni pé ènìyàn lè gba ogún láìmọ̀. Ẹni tó ta alùpùpù olóògbé, tó pín àgbàdo, tó fi firíjì san gbèsè, ti hùwà onílé, ó sì lè ṣòro fún un lẹ́yìn náà láti sọ pé òun kò gbà á. Títọ́jú ẹrù, títi ilẹ̀kùn, sísan owó ìsìnkú kò sọ ènìyàn di ẹni tó gbà á. Ìmọ̀ràn àbúrò ọkọ yín léwu nítorí èyí gan-an: firíjì kan tó gbé jáde fún àlàáfíà lè jẹ́ ẹnu-ọ̀nà tí 420.000 yóò gbà wọlé sórí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló sì ni ẹrù tó ń fúnni. Tó bá fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò san, gbèsè tara rẹ̀ ló dá. Tí wọ́n bá gbé e lọ síwájú adájọ́ àjùmọ̀sọ, ìyẹn adájọ́ tó ń parí aáwọ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí, tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn níbẹ̀, tí adájọ́ sì fọwọ́ sí i, ìwé náà lágbára bí ìdájọ́. Huissier lè fi wọlé láìsí ẹjọ́ mìíràn.

Ti àwọn ọmọ mẹ́ta tí kò tíì pé 18, kò sí ẹni tó lè dá ìpinnu ṣe fún wọn, ẹ̀yin ìyá wọn pàápàá. Ọ̀dọ̀ adájọ́ ni ọ̀nà rẹ̀, ìwé àkójọ ẹrù ló sì bá irú wọn mu jù. Ọjọ́ tí ẹbí bá jókòó láti ṣe procès-verbal conseil de famille, ìyẹn ìwé ìpàdé ẹbí, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ, títí kan èyí tó bá wà níta, torí ẹ̀tọ́ kan náà ni òfin fún gbogbo wọn, kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa bójú tó ogún. Ilé-ẹjọ́ Pobè ni wọn yóò gbé ìwé náà lọ fún àṣẹ, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Kétu ń lọ. Gírẹ́fì ibẹ̀ náà, ọ́fíìsì akọ̀wé ilé-ẹjọ́, ni ajogún ti ń sọ pé òun gbà á pẹ̀lú ìwé àkójọ tàbí pé òun kọ̀ ọ́. Owó díẹ̀ máa ń bá a rìn, bí wọ́n bá sì ní kí huissier tàbí notaire ṣe àkójọ ẹrù, owó rẹ̀ ga. Tó bá jẹ́ pé àpò àgbàdo mélòó kan ni gbogbo ogún, kí ẹ̀yin àti àkọ́bí ronú bóyá kíkọ̀ ọ́ kò sàn jù. Tí ilẹ̀ tàbí ilé bá wà, àǹfààní àkójọ náà tó owó tí wọn yóò ná sí i.

Àgbàdo yẹn kò lè dúró de ilé-ẹjọ́, kòkòrò yóò jẹ ẹ́. Ẹ pe àkọ́bí, àbúrò ọkọ yín àti olórí àdúgbò, ẹ ka àpò níṣojú wọn, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ iye ọjà ọjọ́ náà sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i pé nítorí kó má bàjẹ́ la ṣe tà á, kí owó náà wà ní ibi kan tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn. Èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ ni pé kí ẹ gba àṣẹ ààrẹ ilé-ẹjọ́ ṣáájú. Ẹ wo ìwé òwò náà kí ẹ rí i bóyá olóògbé ti san owó àpò wọ̀nyẹn fún àwọn àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tí wọn kò tíì san owó àpò márùn-ún rẹ̀, olówó ni òun náà, tí kò sì rán ọ̀dọ́ sí yín.

N kò lè mọ̀ látọ̀ọ́kán bóyá ọkùnrin náà ń sọ òótọ́. N kò sì mọ̀ bóyá ẹ ní ìwé ìgbéyàwó mérì. Tí ẹ kò bá ní in, ẹ̀tọ́ yín gẹ́gẹ́ bí opó nínú ogún yóò ṣòro, àmọ́ ti àwọn ọmọ kò yingin, ẹ̀rọ yín sì ṣì jẹ́ tiyín. Tí ìwádìí bá fi hàn pé olóògbé jẹ ẹ́ lóòótọ́, ó dára kí a san án, kí ọkàn òkú lè balẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Kí a san iye tó jẹ́ òótọ́, láti inú ohun tó fi sílẹ̀, pẹ̀lú reçu tí olówó fọwọ́ sí, lẹ́yìn tí a ti mọ iye gbogbo olówó. Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó kọ́kọ́ pariwo, kí ni a ó fún àgbẹ̀ tó dákẹ́?

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má dá wà nílé. Kí olórí àdúgbò, àkọ́bí yín àti aládùúgbò méjì wà níjokòó ṣáájú aago 8. Tí àwọn ọ̀dọ́ náà bá dé, ẹ fún wọn ní omi, ẹ béèrè ìwé huissier. Wọn kò ní ní in. Ẹ sọ fún wọn pé ẹbí kò sẹ́, ẹbí kò sì tíì gbà. Kí ọ̀gá wọn kọ iye owó, ọjọ́ àti orúkọ ẹlẹ́rìí rẹ̀ sínú ìwé, kó fi ránṣẹ́ sí ẹbí. Ẹ má fún wọn ní ẹgbẹ̀rún kan pàápàá fún owó mọ́tò, torí wọ́n lè kà á sí ìsanwó. Tí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹrù, ẹ má bá wọn jà. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ wọn sílẹ̀, kí ẹ gba commissariat, àgọ́ ọlọ́pàá, lọ lójú ẹsẹ̀. Gbèsè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n kíkó ẹrù ẹlẹ́rù jẹ́ ọ̀rọ̀ wọn. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ gba Guichet Unique de Protection Sociale ti Kétu lọ, ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Centre de Promotion Sociale tẹ́lẹ̀, fún ìrànlọ́wọ́ ìwé àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin àti àkọ́bí gba ọ̀nà Pobè, pẹ̀lú ìwé ikú, ìwé ìbí àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwé alùpùpù, ìwé microfinance àti káyé òwò olóògbé nínú àpò kan náà.